Ẹnì Kẹta Lórí Àga Kan Náà: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè láti ilẹ̀ Ìyàgbà

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ni mò ń mójú tó sítọ́ọ̀ oògùn ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Ìyàgbà, èmi sì ni ẹnì kẹta tí yóò jókòó sórí àga yìí láàárín ọdún mẹ́fà. Wọ́n gbé àwọn méjì tó ṣáájú mi kúrò nítorí pé oògùn ibà máa ń tán ní àsìkò òjò, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn máa ń wà lórí pẹpẹ títí ọjọ́ lílò rẹ̀ yóò fi kọjá. Èmi náà ti gba ìwé kúẹ́rì méjì. Lọ́kọ́jà ni oògùn wa ti ń wá, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti ọjọ́ tí mo bá kọ̀wé títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò já ẹrù. Ìgbà tí páálí ńlá bá ku mẹ́rin, tí páálí kékeré 24 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni mo máa ń kọ̀wé, nítorí pé bí mo ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú mi nìyẹn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan bí páálí kékeré mẹ́rin ló ń jáde lójúmọ́. Ní oṣù kẹfà tó kọjá, 108 ló jáde, oògùn kò sì sí nílẹ̀ rárá fún ọjọ́ 12. Bí ó bá ti tán báyìí, ọ̀gá mi á ní kí n bèèrè ìlọ́po méjì, àwọn nọ́ọ̀sì á sì máa bínú sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àbújá ní kí n lọ kọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní systems thinking. Kí ni nǹkan náà, ṣé ó sì lè gbà mí lọ́wọ́ kúẹ́rì kẹta?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìfaradà. Mo ka lẹ́tà yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ohun tó sì wọ̀ mí lára jù lọ nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀yin ni ẹnì kẹta láàárín ọdún mẹ́fà. Bí ènìyàn mẹ́ta tí ìwà wọn kò jọra bá jókòó sórí àga kan náà, tí ìṣòro kan náà sì bá olúkúlùkù wọn níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jókòó ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ yí àga náà ká. Ó dùn mí pé wọ́n ti gbé ènìyàn méjì kúrò kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìbéèrè yẹn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ ni kí a máa wo iṣẹ́ lódindi: bí apá kan ṣe ń ti apá kejì, bí èyí tí a tì náà ṣe ń yí po padà wá ti ẹni tó kọ́kọ́ tì í, àti iye ọjọ́ tó ń kọjá láàárín ìgbà tí a ṣe nǹkan àti ìgbà tí àbájáde rẹ̀ hàn. Ọ̀kan lára àwọn tó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí a lè fi ìṣirò dì mú ni Jay Forrester, ẹni tí wọ́n bí ní 1918, tó sì dàgbà nínú oko ẹran ọ̀sìn ní Nebraska ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1956, ó fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀ka ìṣàkóso òwò ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bá àwọn ọ̀gá General Electric, ilé iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀, pàdé, tí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tó rú wọn lójú fún un: àwọn ilé iṣẹ́ wọn tó ń ṣe ohun èlò ilé ní Kentucky á kún fún iṣẹ́ nígbà kan débi pé òṣìṣẹ́ á máa pín ọjọ́ kan ṣe ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà tó bá sì di ọdún díẹ̀ sí i, wọ́n á dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ọjà ló ń lọ sókè sódò. Forrester béèrè bí wọ́n ṣe ń pinnu iye ènìyàn tí wọn yóò gbà àti iye ọjà tí wọn yóò kó pamọ́, ó sì fi pẹ́ńsùlù ṣírò rẹ̀ sínú ìwé lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó rí i pé bí àwọn oníbàárà tilẹ̀ ń ra iye kan náà láìyí padà, ìpinnu àwọn ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ tó láti mú kí iṣẹ́ máa ga kó sì máa wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí sítọ́ọ̀ yín. Gbogbo wa tí a dàgbà ní ilẹ̀ Òkun la mọ àmù omi. Ohun tó wà nínú àmù kì í yí padà bí kò ṣe nípa omi tí a pọn sínú rẹ̀ àti omi tí a bù nínú rẹ̀. Bí odò bá jìnnà ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá tó gbọ́n kì í dúró kí ó gbọ́ tí igbá ń ha ìsàlẹ̀ àmù kí ó tó rán ọmọ lọ pọnmi, nítorí pé ó mọ iye omi tí ilé yóò mu kí ọmọ náà tó dé. Ìlànà páálí ńlá mẹ́rin tí ẹ jogún kò ka ìrìn ọmọ yẹn sí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: páálí ńlá mẹ́rin jẹ́ páálí kékeré 96. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ ń lo mẹ́rin lójúmọ́, 96 yóò tó yín fún ọjọ́ 24, nígbà tí ẹrù yóò dé ní ọjọ́ 28. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ilẹ̀ yóò fi ṣófo, ẹnu lásán ni wọ́n sì máa fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, tí lílò sì gòkè sí mẹ́fà lójúmọ́, 96 kò lè kọjá ọjọ́ 16. Ọjọ́ 12 tó ṣẹ́ kù kí ọkọ̀ tó dé ni ọjọ́ 12 tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín. Kò sí ìyanu níbẹ̀, kò sì sí àìbìkítà yín níbẹ̀. Ẹni yòówù kí wọ́n fi rọ́pò yín lọ́la, bí ó bá di ìlànà yẹn mú, ọjọ́ 12 náà ni yóò ká a mọ́.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé mẹ́fà ni lójúmọ́, nígbà tí ìwé yín sọ pé 108 ló jáde láàárín oṣù kan? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí pé ibí ni ìwé àkọsílẹ̀ ti ń tan ọ̀pọ̀ ọ̀gá jẹ. Bí ẹ bá fi ọjọ́ 30 pín 108, ẹ ó rí 3.6, yóò sì dà bí ẹni pé lílò yín ní àsìkò òjò kéré sí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ ọjọ́ 18 péré ni oògùn fi wà nílẹ̀. Ẹ fi 18 pín in, mẹ́fà ni yóò jáde. Àwọn aláìsàn kò dáwọ́ ibà dúró ní ọjọ́ 12 yẹn. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì lọ, tàbí kí wọ́n padà sílé láìrí nǹkan gbà. Oṣù náà ì bá lo 180, ìwé yín kọ 108, 72 tó wà láàárín méjèèjì kò sì sí níbì kankan tí Lọ́kọ́jà ti lè rí i. Bí ọ̀gá kan bá wá wo ìwé ọdún tó kọjá láti fi pinnu iye tí ẹ ó gbà lọ́dún tó ń bọ̀, oògùn tó tán lọ́dún yìí á di ìdí tí kò fi ní tó lọ́dún tó ń bọ̀. Àyípo nìyẹn: ó ń bọ́ ara rẹ̀.

Àyípo kejì wà ní wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì tí ojú rẹ̀ ti rí ọjọ́ 12 tí kò sí oògùn yóò gba mẹ́wàá níbi tó yẹ kí ó ti gba mẹ́ta, yóò sì fi méje tó kù pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tí ara rẹ̀ yóò gbóná lóru ló ń rò. Èmi kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí wọ́ọ̀dù mẹ́rin bá ṣe bẹ́ẹ̀, sítọ́ọ̀ á tètè ṣófo ju bí àìsàn ṣe pọ̀ tó lọ, ìbẹ̀rù á pọ̀ sí i, gbogbo wọn á sì tún kó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àyípo kẹta ló ń mú kí oògùn bàjẹ́, òun ni mo sì rò pé ọ̀gá yín kò tíì rí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣófo, ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ kọ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ ò rí i, nítorí náà kò sí ẹni tó kà á mọ́ iye tí ẹ ní. Wọ́n ní kí ẹ bèèrè ìlọ́po méjì, ẹ bèèrè. Ti àkọ́kọ́ dé, ó gba gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlọ́po méjì wọlé, ó ṣeé ṣe kí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, tí lílò sì ti ń padà sí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn dé bá pẹpẹ tó kún, oṣù ń yí lu oṣù, ọjọ́ lílò ń sún mọ́lé. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Oògùn tí ẹ dà nù ní ẹ̀ẹ̀rùn wà lẹ́yìn ọ̀wọ́n oògùn àsìkò òjò, ọwọ́ kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Kúẹ́rì fún ti àkọ́kọ́ àti kúẹ́rì fún ti ìkejì jẹ́ kúẹ́rì lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ kọ́kọ́ pa ìlànà páálí ńlá mẹ́rin tì. Ẹ máa kọ̀wé nígbà tí oògùn tó wà nílẹ̀, pẹ̀lú èyí tí ẹ ti bèèrè tí kò tíì dé, bá kù tó lílò ọjọ́ 28 tí ẹrù yóò fi wà lọ́nà àti ọ̀sẹ̀ méjì lé e fún ohun tí ẹnìkan kò rò tẹ́lẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, mẹ́rin lọ́nà ọjọ́ 42 jẹ́ 168. Ní àsìkò òjò, mẹ́fà lọ́nà 42 jẹ́ 252. Nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹrù fi ń rìn, ẹ gbọ́dọ̀ ti bọ́ sórí 252 láti oṣù kẹta, kí òjò oṣù kẹrin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ fi ìlà kan kún ìwé yín tí ẹ ó ti máa kọ iye ọjọ́ tí oògùn kò sí nílẹ̀ àti iye ènìyàn tó padà lọ́wọ́ òfo. Èyí tí ọjọ́ lílò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé ni kí ẹ máa kọ́kọ́ kó jáde, kódà bí òun kọ́ ló kọ́kọ́ wọlé.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ tọpa rẹ̀ gidigidi. Ìrìn àjò láti Lọ́kọ́jà sí ilẹ̀ Ìyàgbà kò gba odindi ọjọ́ kan. Níbo wá ni ọjọ́ 27 yòókù ń lọ? Ẹ mú ìwé ìbéèrè kan, ẹ máa kọ ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú, ọjọ́ tó dé Lọ́kọ́jà, ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù sílẹ̀ fún un àti ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣí. Kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ pé orí tábìlì ni ìwé náà ti sùn jù. Bí ọjọ́ 28 bá lè di 14, iye tí ẹ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀ ní àsìkò òjò á já wálẹ̀ láti 252 sí 168, owó tó ń sùn lórí pẹpẹ á dín kù, èyí tó ń bàjẹ́ náà á sì dín kù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún owó oògùn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ sítọ́ọ̀ kúrò, ibí yìí ni ètè wà. A kì í sì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ má gbé àlàyé yìí lọ bá ọ̀gá yín bí ẹni tó ń jẹ́jọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá mátírọ́ọ̀nù. Ẹ ya àyípo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé kan pẹ̀lú ọfà, kí ẹ sì ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá bó ṣe rí nìyí ní wọ́ọ̀dù.” Bí ó bá mú pẹ́ńsùlù tó ṣàtúnṣe sí i, ẹ yọ̀, nítorí pé ìwé náà ti di tiyín méjèèjì. Lẹ́yìn náà kí ẹ jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá dókítà. N kò lè ṣèlérí pé kúẹ́rì kẹta kò ní wá. Bí oògùn bá tán ní Lọ́kọ́jà fúnra rẹ̀, ìṣirò yín kò lè ṣẹ̀dá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kúẹ́rì náà bá dé, ẹ ó ní àkọsílẹ̀ tí ẹ lè fi dáhùn rẹ̀.

Ìbéèrè láti ìtòsí Kàbà

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń ṣe gààrì. A yáwó ra ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ kejì, a rò pé gààrì wa yóò di ìlọ́po méjì. Iye àpò tí à ń rí kò yí padà, gààrì wa ti wá ń kan jù, ẹ̀gẹ́ sì ń bàjẹ́ lẹ́bàá ògiri. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?

Ìdáhùn

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà dára. Ẹ lọ dúró sáàárín ilé iṣẹ́ yín lọ́sàn-án, kí ẹ wo ibi tí òkìtì wà. Bí àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀ bá tò síwájú jáàkì tí ẹ fi ń fún omi rẹ̀, jáàkì ló ń pinnu iye gààrì yín. Bí èyí tí wọ́n ti fún bá ń dúró de agbada, àwọn tó ń yan gààrì ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ kejì kàn mú kí òkìtì náà ga sí i ni. Èyí tó ń dúró nínú àpò ń kan sí i lójoojúmọ́, ohun tó fà á tí adùn rẹ̀ fi yí padà nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Nítorí náà, ẹ má ṣe máa fi agbára ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ pinnu iye tí ẹ ó hú. Bí àwọn ìyá tó ń yan gààrì bá lè yan àpò mẹ́fà lójúmọ́, ẹ̀gẹ́ àpò mẹ́fà ni kí ẹ hú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan á jókòó láìṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó nira láti máa wo ẹ̀rọ tí a yáwó rà kó máa jókòó. Bí ẹ bá rówó mìíràn, agbada, ilé ìdáná tí èéfín rẹ̀ ń jáde dáadáa, àti owó iṣẹ́ tó tó àwọn ìyá náà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Bí ẹ bá ti ṣe é tán, òkìtì á ṣí lọ síbòmíràn; ẹ tún lọ dúró sáàárín ilé iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè láti ilẹ̀ Ìjùmú

Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, n kò ní kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì wa kò sì dúró sójú kan. Báwo ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe lè kọ́ systems thinking yìí?

Ìdáhùn

Pẹ́ńsùlù ni Forrester fi bẹ̀rẹ̀, mo ti sọ ọ́ lókè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà gbọ́ jù ni eré kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní MIT. Ọtí bíà ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ẹ fi àpò gààrì ṣe tiyín.

Ènìyàn mẹ́rin á tò lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tó ń tà fún oníbàárà, alágbàtà tó ń tà fún un, ẹni tó ń kó ọjà fún alágbàtà, àti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà. Olúkúlùkù á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpò 12 nílẹ̀, ìyẹn ni pé ọmọ ayò 48 inú ọpọ́n kan ṣe rẹ́gí fún ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wá òkúta kéékèèké fún ọjà tó wà lójú ọ̀nà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí gbogbo yín bá ti kọ̀wé ni a kà sí ọ̀sẹ̀ kan nínú eré náà. Ìwé tí ẹnìkan bá kọ á lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókè rẹ̀, ọjà náà á sì tún lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó sọ̀kalẹ̀. Àpò tó bá sùn nílẹ̀ ní ìtanràn, èyí tí ẹ bá jẹ oníbàárà ní ìlọ́po méjì ìtanràn náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà orí ìwé nìkan ni kí ó máa kọjá láàárín yín. Ẹnì karùn-ún á di oníbàárà, yóò ti kọ iye tó fẹ́ rà sórí bébà pélébé, yóò sì dojú wọn délẹ̀: mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, mẹ́jọ lọ́sẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún títí dé òpin, láìyí padà mọ́.

Ẹ ta á tó ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ á ṣófo, ẹni tó wà lókè á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 20, 30, lẹ́yìn náà àpò á kún bo gbogbo yín mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ní kí àwọn tó wà lókè ya bí wọ́n ṣe rò pé oníbàárà ń rajà sórí ìwé. Wọ́n á ya òkè àti àfonífojì. Kí ẹ wá ṣí bébà pélébé wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú wọn, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́jọ, títí yóò fi tán, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.